Server backup tí mi ò morí mi ò mọ̀dí ẹ̀ ti kún dẹ́nu, ẹ gbà mí o

omo_shomolu

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀ torí orí mi ti gbóná.

Oṣù tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú níbí, wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, páálí òògùn, gbogbo ẹ̀ ṣá. Iṣẹ́ design ni wọ́n gbà mí fún. Àmọ́ torí pé mo la ẹnu sọ lọ́jọ́ interview pé mo gbọ́ Linux díẹ̀ (ẹnu mi ló kó mi sí i), wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti jápa lọ Kánádà, pépà kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ara server kó tó lọ, pásíwọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ ló wá fi bírò pupa kọ "MÁ FỌWỌ́ KAN WEEKLY O". Kò sọ ìdí ẹ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni server yẹn wà, láàárín àwọn ìdì pépà, eruku tó wà lójú fáànù ẹ̀ tó kó sínú ike. Ubuntu 20.04 ló wà lórí ẹ̀. SSD 240GB kan ló gbé system, dísìkì 4TB kan wà nínú ẹ̀ fún backup, external kan tún wà lẹ́yìn tí wọ́n fi USB kì bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ mọ́kànlá ni backup ò ti wọlé mọ́, "No space left on device" ló ń kọ lálaalẹ́. Ohun tí df -h gbé jáde rèé (ìwọ̀n dísìkì, èyí tí wọ́n ti lò, èyí tó kù):

/dev/sda2 218G 218G 0 100% /
/dev/sdb1 3.6T 3.6T 0 100% /srv/backup
/dev/sdc1 1.8T 1.3T 420G 76% /mnt/usb

Inú /srv/backup, daily.0 títí dé daily.6 wà níbẹ̀, weekly.0 dé weekly.3, monthly.0 dé monthly.5, fódà mẹ́tàdínlógún. Mo wá ń fi du -sh wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. daily.0, 1.3T. daily.1, 1.3T. monthly.4, 1.2T. Gbogbo wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi rò ó, 1.3T lọ́nà mẹ́tàdínlógún ti lé ní 20T, dísìkì dẹ̀ jẹ́ 4T. Ta ló ń purọ́ fún mi níbẹ̀, dísìkì ni àbí du?

Kí n má purọ́ fún yín, mo ti fọwọ́ kan weekly. Àná ni mo pa weekly.3 rẹ́, mo ní ó kéré tán màá rí 1.3T gbà padà. Ó fi nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú pa á rẹ́. 6GB ni mo rí. Mo jókòó sílẹ̀ mo ń wo screen bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì tí ò pé.

Kí ni kí n yọ báyìí? Ọ̀gá mi ti ní tí n bá fi lè sọ fáìlì kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan báyìí nù, kí n má wulẹ̀ padà wá.

agbero_data

Gbogbo monthly yẹn, kí lẹ ń fi fáìlì oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ṣe? rm -rf monthly.*, ó parí. Tí kò bá tó, ẹ format dísìkì yẹn kí ẹ bẹ̀rẹ̀ backup tuntun lálẹ́ òní. Mi ò mọ ohun tó le níbẹ̀.

mama_ibeji_sysadmin

Àbúrò mi, má dá agbero lóhùn o. Gbé ọwọ́ kúrò lórí keyboard ná.

Ìwọ agbero, dísìkì tó o ní kó format yẹn, ṣé o mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń backup ẹ̀ ṣì wà láàyè? Ibòmíì wà tí ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ti ń lo server backup fún ilé ẹrù, nǹkan tó wà níbẹ̀ kò sí níbòmíì mọ́. 31 January 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab (ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tọ́jú iṣẹ́ wọn) tó ti rẹ̀ pa fódà database lórí server tí kì í ṣe èyí tó rò, nígbà tó fi máa dá a dúró, nínú bí 300GB, 4.5GB ló kù. Àwọn yẹn mọṣẹ́ o. Wọ́n wá ń wá backup kiri, ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Omo_shomolu, kọ́kọ́ dá àwọn iṣẹ́ alẹ́ yẹn dúró kí wọ́n má bàa máa kọ nǹkan sórí ohun tó ti kún. Inú cron ni wọ́n ń to iṣẹ́ tó ń dá ṣiṣẹ́ lákòókò sí: sudo crontab -l, kó o tún wo /etc/cron.d, ìlà tó bá ń pe backup, fi # síwájú ẹ̀, má pa á rẹ́. Ó jọ pé rsnapshot (ètò kan tó ń ṣe backup) ni nǹkan yẹn, orúkọ daily weekly monthly yẹn ló fi hàn. Wo /etc/rsnapshot.conf, kà á, má tíì yí nǹkan kan padà nínú ẹ̀. Tó o bá máa yí i padà lọ́jọ́ iwájú, tab ni wọ́n fi ń pín ọ̀rọ̀ inú fáìlì yẹn o, kì í ṣe space, tí o bá fi space sí i kò ní ṣiṣẹ́, o kàn máa ro orí ẹ̀ láago mẹ́ta òru. rsnapshot configtest ló máa sọ fún ẹ bóyá o kọ ọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ "ta ló ń purọ́" yẹn, kò sẹ́ni tó purọ́. Wò ó báyìí. Lọ́jọ́ ìkómọ, bàbá ọmọ ní Ayọ̀délé ni òun sọ ọ́, ìyá àgbà ní Àjàní lòun á máa pè é, ilé ìyá ẹ̀ ní Olúwaṣeun. Orúkọ mẹ́ta, ọmọ kan. Tí ìyá àgbà bá ní òun ò pe Àjàní mọ́, ṣé ọmọ kú ni? Hard link nìyẹn. Fáìlì tí kò bá yí padà láti àná, rsnapshot kì í kọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á kàn fún un lórúkọ míì nínú fódà tòní. Ìgbà tí orúkọ tó gbẹ̀yìn bá kúrò lára ẹ̀ ni àyè tó jókòó sí tó ṣófo. Weekly.3 tó o pa rẹ́, orúkọ lo pa rẹ́, àwọn ọmọ ṣì wà nílé lábẹ́ orúkọ míì, àwọn tí orúkọ wọn ò sí níbòmíì nìkan ló lọ, àwọn ni 6GB yẹn.

Torí náà tó o bá ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan náà lò ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Wọ̀n wọ́n pa pọ̀ nínú àṣẹ kan ṣoṣo:

sudo du -shc /srv/backup/*

du kì í ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì nínú àṣẹ kan. Èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa kà tán, lára àwọn tó kù ohun tó bá yàtọ̀ nìkan ló máa kà. Ó máa pẹ́ díẹ̀, lọ jẹun. Kó o dé kó o gbé e síbí.

bros_yaba

Àǹtí ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi kàn fẹ́ fi kún un pé ext4 (ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísìkì) máa ń gbé 5% dísìkì pamọ́, lórí 4TB ìyẹn ti sún mọ́ 190GB. tune2fs -m 1 /dev/sdb1, wàá rí bí 150GB gbà láìpa nǹkan kan rẹ́.

mama_ibeji_sysadmin

Bros, ó dáa, àmọ́ wo df ẹ̀ dáadáa. 3.6T nínú 3.6T ni wọ́n ti lò. Root (ọ̀gá pátápátá lórí server) ni 5% yẹn wà fún, rsnapshot ẹ̀ dẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi root láti inú cron, ó ti jẹ ìyẹn náà tán. Tó bá yí i sí 1, nọ́ḿbà inú df á dùn ún wò lọ́jọ́ iwájú, kò ní rí nǹkan kan gbà lónìí.

Ohun tó ń dùn mí lọ́wọ́ ni SSD yẹn. Kí ló gbé 218GB sórí system? Ubuntu pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀ kò yẹ kó lé ní 30 tàbí 40. Àbúrò, ṣe eléyìí náà:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

x yẹn ni kó má bàa rá kọjá lọ sínú àwọn dísìkì yòókù.

bros_yaba

Ah, ó yé mi, root ló jẹ ẹ́. Ẹ ṣeun mà.

omo_shomolu

Ẹ ṣeun o àǹtí. Mo ti dá cron dúró, rsnapshot ni lóòótọ́, retain daily 7, weekly 4, monthly 6. Mo lọ jẹ àmàlà lápá Fọláàgòrò, mo padà dé, kò tíì tán, mo tún lọ mu kókà. Ohun tó wá gbé jáde nìyí, mo yọ àwọn kékeré kúrò torí daily àti weekly yòókù ò ju 3GB sí 15GB lọ:

1.3T daily.0
530G monthly.0
190G monthly.1
210G monthly.2
610G monthly.3
290G monthly.4
320G monthly.5

Total ẹ̀ sún mọ́ 3.6T báyìí, ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe orí mi ló ti yí.

Ti SSD ló dẹ́rù bà mí. Gbogbo ohun tí du rí lórí / jẹ́ 61GB. df ní 218GB. Nǹkan bí 157GB wà níbẹ̀ tí mi ò rí. Mo tún ṣe lsof +L1 torí mo kà á níbì kan pé fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ tí program kan ṣì dì mú lè gba àyè, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀. Ṣé àjẹ́ ni?

oloye_terminal

Kì í ṣe àjẹ́, NEPA ni.

Jẹ́ kí n bi ẹ́, lọ́jọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn yẹn, ṣé iná ò lọ lóru? UPS yín ńkọ́?

omo_shomolu

Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Wọ́n mú iná lọ, àwọn sẹ́kọ́ríítì tan jẹnẹrétọ̀, epo tún tán, iná tún dé, gbogbo ẹ̀ nínú òru kan. UPS wà níbẹ̀ àmọ́ bátìrì ẹ̀ ti kú, ó kàn ń ké "pí pí" ni kó tó kú pẹ̀lú server.

oloye_terminal

Ó dáa. External tó ń gbé nǹkan sí /mnt/usb yẹn, nígbà tí server jí lóru, ó jọ pé dísìkì náà ò tètè jí, àwọn external ẹlòmíì máa ń lọ́ra tí iná USB ò bá tó wọn. Nítorí náà kò mount, ìyẹn ni pé kò so mọ́ fódà ẹ̀. Ṣùgbọ́n fódà tó ń jẹ́ /mnt/usb ṣì wà níbẹ̀, fódà lásán, orí SSD. Script tó ń kọ́pì nǹkan lọ síbẹ̀ kò bèèrè, ó kàn ń dà á síbẹ̀ títí SSD fi kún. Ẹ wá tún server tàn lọ́jọ́ kejì, dísìkì jí, ó mount, ó wá jókòó lé àwọn fáìlì yẹn lórí bí ẹni tẹ́ ẹní lé owó. Wọ́n wà lábẹ́ ẹ̀. du ò lè rí wọn, df dẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ká ṣí ẹní:

sudo mkdir /mnt/wo
sudo mount --bind / /mnt/wo
sudo du -sh /mnt/wo/mnt/usb

Bind yìí máa fi / nìkan hàn ẹ́ láìsí dísìkì kankan lórí ẹ̀.

omo_shomolu

156G!!!

Ọ̀gá ẹ ò ní kú sípò òṣì. 156G ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni date gbogbo wọn, láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ṣé kí n pa á rẹ́?

oloye_terminal

Ṣé o tún ti ń sáré. Kọ́kọ́ rí i dájú pé ohun tó wà lábẹ́ wà lórí náà. rsync (àṣẹ tó ń kọ́pì fáìlì) ní n tó túmọ̀ sí "ṣe bí ẹni ń ṣe é, má ṣe é":

sudo rsync -anvc /mnt/wo/mnt/usb/ /mnt/usb/

Fáìlì tí orúkọ ẹ̀ bá jáde nínú list yẹn ni ó wà lábẹ́ tí kò sí lórí, tàbí tó yàtọ̀. c yẹn máa ka inú fáìlì, torí náà á pẹ́. Tí kò bá sí nǹkan gidi, nígbà náà lo lè pa ti abẹ́ rẹ́, ojú ọ̀nà /mnt/wo/mnt/usb ni kó o gbà o, má lọ gba /mnt/usb, torí ìyẹn ni external gan-an! Kà á sókè ketekete kó o tó tẹ Enter. Tó o bá ṣe tán, umount /mnt/wo.

Kó o wá ṣí script tó ń kọ́pì yẹn, lókè ẹ̀ pátápátá fi eléyìí sí i:

mountpoint -q /mnt/usb || exit 1

Tí dísìkì ò bá sí níbẹ̀, á padà sílé láìṣe nǹkan kan. Ìlà kan péré, òun ló yẹ kó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bọ̀dá Kánádà mọṣẹ́ o, àmọ́ ó gbàgbé pé Èkó la wà.

mama_ibeji_sysadmin

Olóyè kú iṣẹ́. Èmi padà sórí 4TB.

Àbúrò, wo nọ́ḿbà tó o gbé wá yẹn. Monthly tó kù ń jẹ́ 190, 210, 290, 320, ìyẹn yé mi, ilé ìtẹ̀wé ni, fáìlì Photoshop àti CorelDRAW tí wọ́n bá kàn ṣí tí wọ́n yí àwọ̀ kan padà tí wọ́n tún save, odidi fáìlì tuntun ló jẹ́ lójú rsync. Ṣùgbọ́n monthly.0 jẹ́ 530, monthly.3 dẹ̀ jẹ́ 610. Nǹkan ńlá kan fò wọlé lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ó jọ pé ìwọ̀n wọn ò jìnnà síra. Wá a:

sudo du -h --max-depth=3 /srv/backup/daily.0 /srv/backup/monthly.0 /srv/backup/monthly.3 | sort -h | tail -30

Nínú àṣẹ kan ṣoṣo o, bíi tìṣáájú.

omo_shomolu

Àǹtí, ẹ jókòó kí ẹ tó ka eléyìí.

Fídíò ìsìnkú ìyá ọ̀gá wa ni. 380GB. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n gbé dé Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ náà, drone tún ń fò lókè, wọ́n yà á látàárọ̀ ìsìn ìdágbére títí di ìgbà tí àwọn tó wọ aṣọ ẹbí fi ń gbé kúlà lọ sílé. Gbogbo fáìlì rẹpẹtẹ láti inú káàdì kámẹ́rà ló wà nínú fódà design, kò sí ẹni tó tíì edit ẹ̀.

Nínú monthly.3 ó ń jẹ́ MAMA. Nínú monthly.0 ó ń jẹ́ MAMA FINAL. Nínú daily.0 ó ń jẹ́ MAMA FINAL FINAL USE THIS ONE. Mo ṣí wọn wò, fáìlì kan náà, iye kan náà, date kan náà. Orúkọ fódà nìkan ni wọ́n ń yí. Ọmọbìnrin kan tó ń jókòó níwájú ló ní òun ló ń yí i, ó ní àwọn ẹlòmíì ń da fáìlì wọn síbẹ̀ ni òun ṣe ń yí orúkọ padà.

mama_ibeji_sysadmin

😂😂 Ìyá á sùn re o.

Ó ti yé wa báyìí. rsnapshot máa ń wo ojú ọ̀nà fáìlì. Fáìlì tó wà ní design/MAMA lánàá tó bá wà ní design/MAMA lónìí, á fún un lórúkọ míì. Àmọ́ tí fódà bá ti di MAMA FINAL, lójú ẹ̀, MAMA ti kú, àlejò tuntun kan ló dé, á kọ́pì odidi 380GB látòkèdélẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí orúkọ, ìyẹn 760GB tó lọ sórí orúkọ lásán.

O ò nílò kó o pa nǹkan kan rẹ́. Irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ hardlink, apt install hardlink (ó dẹ̀ ti ráàyè báyìí lórí SSD). Ó máa ń wo fáìlì tó bára wọn mu láti inú dé òde, á wá so wọn pọ̀ di ọ̀kan, orúkọ ò ní dín kù, ara ló máa dín. Kọ́kọ́ ṣe é pẹ̀lú n kó o wo ohun tó máa ṣe:

sudo hardlink -n -v /srv/backup/*/design/MAMA*

Ojú ọ̀nà tìrẹ lè yàtọ̀, tún un ṣe. Ohun kan tó ṣe pàtàkì gan-an nínú àṣẹ yẹn ni àmì ìràwọ̀ àkọ́kọ́. Gbogbo snapshot (àwọn fódà daily, weekly, monthly yẹn) ló gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀ pa pọ̀, tó o bá mú monthly.0 pẹ̀lú daily.0 nìkan, fáìlì àtijọ́ ṣì máa lórúkọ nínú monthly.1 àti monthly.2, o ò dẹ̀ ní rí kọ́bọ̀ gbà. Tí ohun tó kọ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yọ n kúrò kó o tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe é, lọ sọ fún ọ̀gá ẹ. Ìyá ẹ̀ ni.

agbero_data

Ní tèmi ṣá, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ sí cloud kí olúkúlùkù sinmi.

bros_yaba

Agbero, pẹ̀lú dátà ta? 1.3T yẹn lórí upload 10Mbps, tí kò bá já rárá, ó lé ní ọjọ́ méjìlá. Ní Ṣómólú. Ṣé o rántí 14 March 2024 tí àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun ní Abidjan, tí POS ò gbowó, tí ilé ìfowópamọ́ ń bẹ oníbàárà? Fáìlì àkáǹtì kéékèèké lè lọ sí cloud, mo gbà. Kàlẹ́ńdà 2GB 2GB yẹn, external méjì tó ń pààrọ̀ ara wọn ni, kí ọ̀kan wà nílé ọ̀gá nígbà tí ìkejì bá wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ ra òmíì ní Computer Village, Ìkejà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta tòkunbọ̀ fún yín ní owó tuntun. Ẹ gbé laptop dání, smartctl -a, ẹ wo Power_On_Hours, dísìkì tuntun kò lè ti ṣiṣẹ́ 30,000 wákàtí, ìyẹn lé ní ọdún mẹ́ta láìsùn. Àwọn external "16TB" kékeré tí wọ́n ń tà lórí tábìlì ní ẹ̀dínwó, ẹ kàn máa rìn kọjá lọ, ẹ má tilẹ̀ dá wọn lóhùn.

omo_shomolu

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dé.

Mo lọ bá ọ̀gá nínú ọ́fíìsì. Mo dọ̀bálẹ̀ tán, mo ní "Ẹ kú iṣẹ́ sà, fídíò ìsìnkú ìyá yín ló wà lórí server lẹ́ẹ̀mẹta, mo fẹ́ dín in kù sí ọ̀kan." Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó ń nù ún, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, ó wá ní "Ìyá mi tí mo sin lọ́dún tó kọjá, ìwọ tún fẹ́ yọ ọ́ kúrò?" Mo ní rárá sà, mo wá sọ ọ̀rọ̀ Ayọ̀délé àti Àjàní yẹn fún un bí àǹtí ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, àmọ́ kí n kọ́kọ́ kọ́pì ẹ̀ kan fún òun. Torí náà mo lọ ra external 1TB kan (9 wákàtí ló wà lórí Power_On_Hours, bros ẹ ṣeun), mo da gbogbo fídíò yẹn sínú ẹ̀, mo fà á lé e lọ́wọ́, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Mo wá ṣe hardlink. Ó ṣe é látọ̀sán dé alẹ́. /srv/backup ní àyè tó lé ní 500GB báyìí, SSD dẹ̀ ti wálẹ̀ sí 61GB. rsync -n ti olóyè yẹn, fáìlì mẹ́ta péré ló yọ jáde, ìdajì fáìlì tí kíkọ wọn já nígbà tí SSD kún, àwọn tó pé wà lórí external. Mo ka àṣẹ rm yẹn sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ Enter, àwọn ẹlẹ́rọ tó wà nísàlẹ̀ rò pé mo ń gbàdúrà.

Lánàá backup wọlé láìsí wàhálà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Ìyá tó ń bá wa ṣe àkáǹtì ní òun fẹ́ káwọn ìwé owó wà fún ìgbà pípẹ́, mo dẹ̀ rí i pé monthly 6 yìí, oṣù mẹ́fà ló dúró sí. Ṣé kí n sọ ọ́ di monthly 72?

mama_ibeji_sysadmin

Háà, má ṣe bẹ́ẹ̀, fáìlì design á tẹ̀lé e, ẹ máa ra dísìkì títí á fi rẹ̀ yín. Ó tọ̀nà ṣá, CAMA 2020 (òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà) ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6. Yọ fódà àkáǹtì sọ́tọ̀, bí oṣù bá parí kó o dì í sínú fáìlì kan tó ní date lára, kó o gbé e sí external méjèèjì àti cloud. Ó dájú pé kò ní tó 1GB lóṣù. Àwọn ìyẹn kì í ṣe nǹkan tí ó yẹ kó máa yí pẹ̀lú rsnapshot rárá.

Ó tún kù, Ubuntu 20.04 yẹn ti dàgbà, àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ ẹ̀ ti parí ní 2025. Má ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Jẹ́ kí backup ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná, kó o mú fáìlì kàlẹ́ńdà kan níbẹ̀, kó o gbé e padà sórí kọ̀ǹpútà míì kó o ṣí i kó o wò ó bóyá ó ṣí. Tí kò bá ṣí, kò sí backup, o kàn ní dísìkì tó kún ni.

omo_shomolu

Ẹ ṣeun mà. Màá gbìyànjú ẹ̀ ní Sátidé tí àwọn èèyàn ò pọ̀.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, Bọ̀dá Kánádà dá mi lóhùn lórí WhatsApp láago méjì òru àná. Ó ní weekly.0 ni script yẹn máa ń kọ́pì lọ sórí external, ìdí tó fi ní kí n má fọwọ́ kàn án nìyẹn, ó ní weekly.3 tí mo pa rẹ́ kò ba nǹkan kan jẹ́. Mo ní ọ̀gá ẹ ṣeun, mo sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ti SSD, ti MAMA, gbogbo ẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún kọ̀wé. Ó wá ní, "Ṣé wọn ò tíì ra bátìrì UPS yẹn?"

Mo ní wọn ò tíì rà á.